Kápúsù sílímárínì tí mo lò fún ẹ̀dọ̀ mi: sítáà mẹ́ta nínú márùn-ún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Àwọn tó ń bi mí léèrè nípa oògùn ẹ̀dọ̀ tí mo ń lò ti pọ̀ débi pé mo ní kí n kúkú kọ ọ́ síbì kan kí gbogbo yín lè rí i kà. Oògùn ọ̀hún ni kápúsù sílímárínì, èyí tí wọ́n ń fà yọ látinú èso ewéko kan tí òyìnbó ń pè ní milk thistle. Mi ò ní dárúkọ kọ́ḿpìnnì tó ṣe tèmi torí mi ò bá ẹnikẹ́ni polówó, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà, àti pé oríṣi tó wà nígboro pọ̀ gan-an, ohun kan náà ló sì wà nínú ọ̀pọ̀ wọn. Sítáà mẹ́ta ni mo fún un. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìdí, kó fa àga, ọ̀rọ̀ náà gùn díẹ̀.

Skáànù ló kọ́kọ́ fi hàn pé ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú ẹ̀dọ̀ mi, tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ wá fi hàn pé ALT mi ga ju bó ṣe yẹ lọ. ALT yìí, fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, inú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ló yẹ kó wà, tí sẹ́ẹ̀lì bá ti ń bàjẹ́ ló máa ń jò sínú ẹ̀jẹ̀, torí náà tó bá ti ga báyẹn, ó túmọ̀ sí pé nǹkan kan ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́. Èmi kì í mutí o, àmọ́ mo sanra, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, mínírà àti búrẹ́dì sì ni ọ̀rẹ́ mi tipẹ́tipẹ́. Dókítà wo ìwé náà, ó ní tí mo bá lè dín ìwọ̀n ara mi kù pẹ̀lú ìdá 7 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀dọ̀ tó ń wú yẹn á rọlẹ̀. Mo ní oògùn ńkọ́? Ó ní kò sí oògùn tó fẹ́ kọ fún mi. Ẹ̀yin náà ẹ sọ ọ́, ta ló máa san owó káàdì lọ́sibítù, táá jókòó láti àárọ̀ dọ̀sán, táá wá padà sílé láìgba oògùn kankan dání?

Kí n tó ṣe ẹ̀gbin sí dókítà ṣá, òótọ́ ló sọ. Ọdún 2024 ni FDA, àjọ tó ń bójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ sí oògùn àkọ́kọ́ pàá fún irú ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá tó ń wú yìí, resmetirom lorúkọ rẹ̀, àwọn tí ẹ̀dọ̀ wọn ti ń ní àpá nínú nìkan ni wọ́n sì ní kó wà fún, owó tí wọ́n sì dá lé e nígbà tó jáde lé ní ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì dọ́là lọ́dún kan. Dọ́là o! Ẹ wá rí ìdí tí gbogbo ayé fi ń sáré tọ ewé àti egbò lọ.

Bí mo ṣe dé fámásì nìyẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ gbé sílímárínì 140 mg fún mi, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ lẹ́yìn oúnjẹ. Owó rẹ̀ kò kéré, páálí kan kì í sì í lo oṣù kan tán tí èèyàn bá ń lo ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́ síbẹ̀. Kápúsù náà kò tóbi, ó lọ geere lọ́fun, kò ní òórùn kankan tó burú. Mo tú ọ̀kan wò (mo fẹ́ràn àyẹ̀wò), ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú ló wà nínú rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó ṣe mí ni pé inú mi ń ṣí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, mò ń yàgbẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ìyẹn náà sì lọ fúnra rẹ̀. Ara kò yún mi, orí kò fọ́ mi. Ní ti pé ó rọrùn fún ara, sítáà márùn-ún gbáko ni, torí gbogbo ibi tí wọ́n ti dán an wò fún èèyàn, ohun tí wọ́n ń sọ náà nìyẹn, pé kò fi bẹ́ẹ̀ pa èèyàn lára.

Ẹ wá gbọ́ ti ohun tí wọ́n kọ sára páálí torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ. Òmíràn á kọ ọ́ gàdàgbà síwájú pé "Milk Thistle 1000 mg", ẹ á rò pé ẹ ti rí oògùn ńlá, ẹ bá yí i padà ẹ á rí i pé ìyẹ̀fun èso ewéko náà ni wọ́n ń kà, kì í ṣe sílímárínì tó wà nínú rẹ̀. Sílímárínì ni kí ẹ máa wá. Ojúlówó rẹ̀ máa ń sọ pé nínú ohun tí àwọn fà yọ, ìdá 70 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún ni sílímárínì. Sílímárínì fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ nǹkan kan, agbo ilé kan ni, silybin ni baálé wọn, àwọn silychristin, silydianin àti isosilybin ló tẹ̀ lé e. Ìṣòro wọn ni pé wọn kì í fẹ́ yòrò nínú omi, torí náà èyí tó pọ̀ nínú ohun tí èèyàn gbé mì kì í dénú ẹ̀jẹ̀ rárá. Àwọn kọ́ḿpìnnì kan wá dọ́gbọ́n sí i, wọ́n so silybin pọ̀ mọ́ ọ̀rá kan tí wọ́n ń rí lára ẹ̀wà sóyà kí ara lè gbà á dáadáa, àmọ́ ìyẹn tún wọ́n ju tèmi lọ. Tèmi kò ní in. Mo yọ ìdajì sítáà síbẹ̀.

Ibi tí nǹkan yìí ti ṣẹ̀ wá dùn mọ́ mi. Ewéko ẹlẹ́gùn-ún kan ni, òdòdó rẹ̀ jẹ́ elésèé àlùkò, ewé rẹ̀ sì ní ilà funfun funfun bíi pé wọ́n da wàrà sí i, agbègbè òkun Mẹditaréníà ló ti ń hù látilẹ̀, àwọn ará Róòmù àtijọ́ sì ti ń lò ó fún ọ̀rọ̀ òróòro. Àwọn onímọ̀ ní Munich ní Jámánì ló ṣàlàyé ohun tó wà nínú rẹ̀ ní 1968, kọ́ḿpìnnì Madaus, Jámánì náà ni wọ́n, ló sì sọ ọ́ di oògùn tí wọ́n pè ní Legalon. Ohun tó sì wá sọ ọ́ di olókìkí ni ọ̀rọ̀ olú. Olú tí a ń jẹ yìí ni mò ń wí, àmọ́ èyí tó ní májèlé, Amanita phalloides, tó máa ń hù nínú igbó Yúróòpù. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ kò ní mọ nǹkan kan fún wákàtí mẹ́fà sí méjìlá, lẹ́yìn náà èébì àti ìgbẹ́ gbuuru á bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ìyẹn á wá dà bíi pé ara rẹ̀ ti ń yá, wọ́n á máa dúpẹ́ nílé, nígbà tó jẹ́ pé májèlé ti ń run ẹ̀dọ̀ rẹ̀ lábẹ́lẹ̀, láàárín ọjọ́ mélòó kan ẹ̀dọ̀ á dáṣẹ́ sílẹ̀. Silibinin, tó jẹ́ silybin yẹn náà, ni wọ́n ń fà sínú iṣan irú àwọn bẹ́ẹ̀ ní Yúróòpù, bíi 20 mg fún kílò kan ara lójúmọ́. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dínà mọ́ májèlé náà níbi tó ń gbà wọnú sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀. Kò fẹ́ẹ̀ sí ibòmíràn tí ewéko yìí ti ṣe gudugudu méje tó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ẹ fara balẹ̀ o. Abẹ́rẹ́ nìyẹn, inú iṣan ló gbà lọ, fún májèlé olú. Àwọn tó ń ta kápúsù ló máa ń mú ìtàn abẹ́rẹ́ wá polówó kápúsù, bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ wà láàárín ẹni tó jẹ olú olóró lánàá àti èmi tí mo ti ń fi mínírà pa ẹ̀dọ̀ mi díẹ̀díẹ̀ láti ọdún gbọ́nhan.

Fún irú wa, àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe kò fẹnu kò. Ní Vienna, ìwé tó jáde ní 1989, wọ́n kó èèyàn 170 tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le gbagidi jọ, wọ́n fún àwọn kan ní sílímárínì 140 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ (iye tí wọ́n ní kí èmi náà máa lò gẹ́lẹ́), wọ́n fún àwọn tó kù ní òfìfo oògùn (èyí tó jọ oògùn àmọ́ tí kò ní oògùn kankan nínú), lẹ́yìn ọdún mẹ́rin ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lo sílímárínì ló ṣì wà láàyè, ìdá 39 péré nínú àwọn tó kù. Ẹni tó bá ka ìyẹn nìkan á sáré lọ ra páálí mẹ́wàá. Ó wá di 1998, àwọn ará Spéènì kó igba èèyàn jọ, ọ̀mùtí tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le, wọ́n fún wọn ní 150 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kò sí ìyàtọ̀ kankan láàárín àwọn tó lò ó àtàwọn tí kò lò ó, bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń kú làwọn wọ̀nyẹn náà ń kú. Ó di 2012, àwọn ará Amẹ́ríkà mú èèyàn 154 tó ní mẹ́dọ̀wú C tí oògùn ìgbà yẹn kò ràn, wọ́n tiẹ̀ fún wọn ní èyí tó pọ̀ gidi, 420 mg àti 700 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 24, ALT wọn kò lọ sílẹ̀ ju ti àwọn tó ń gbé òfìfo mì lọ.

Èyí tó sún mọ́ ọ̀rọ̀ tèmi jù ni ti Màlésíà tó jáde ní 2017. Àwọn ará Yunifásítì Malaya ló ṣe é, èèyàn 99 tó ní ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá tó ń wú, 700 mg lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 48, wọ́n gún ẹ̀dọ̀ wọn lábẹ́rẹ́ níbẹ̀rẹ̀, wọ́n tún gún un níparí, láti bu díẹ̀ wò lábẹ́ awò. Ohun tí wọ́n dìídì ń wá, pé kí wíwú náà lọ sílẹ̀ dé ìwọ̀n kan, wọn ò rí i. Ohun tí wọ́n wá rí ni pé àpá inú ẹ̀dọ̀ dín kù lára ìdá 22 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó lò ó, nígbà tó jẹ́ ìdá 6 nínú àwọn tí kò lò ó. Ìyẹn kò kéré o, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, èèyàn kò sì pọ̀ tó nínú rẹ̀ láti fi búra. Ẹ tún wo iye tí wọ́n lò, 700 mg lẹ́ẹ̀mẹta! Tí èmi bá fẹ́ lo iyẹn pẹ̀lú kápúsù 140 mg, màá máa gbé márùn-ún mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́. Owó dà?

Ẹ ó ní kí n sọ ti ara mi. ALT mi ti lọ sílẹ̀, skáànù tí mo tún ṣe náà sàn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Kí ẹ tó pariwo "ó ṣiṣẹ́!", ẹ jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀ mi. Ní gbogbo ìgbà tí mò ń lo kápúsù yìí, ìyàwó mi ti kó gbogbo mínírà kúrò nínú fìríìjì, èbà mi ti di ìdajì, ẹ̀fọ́ ti wá pọ̀ ju òkèlè lọ nínú abọ́ mi, mo sì ń fẹsẹ̀ rìn lálaalẹ́ títí mo fi ń làágùn. Ṣòkòtò tó ti fún mi tẹ́lẹ̀ ti ń já bọ́. Nínú gbogbo ìyẹn, ta ló ṣe é? Dókítà ní ìwọ̀n ara mi tó wálẹ̀ ló ṣe é. Ẹni tó ta oògùn fún mi ní oògùn ni. Èmi gba ti dókítà gbọ́, torí ohun tó sọ kí n tó gbé kápúsù kankan mì ló ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu ọ̀rọ̀ yìí, oríṣiríṣi nǹkan ni wọ́n tún gbé wá bá mi, kí n yáa fi kún un.

Èkíní ni kápúsù ata ilé pupa, èyí tí gbogbo obìnrin tó ń tajà lórí fóònù ń pè ní turmeric. Ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí mi pé kí n pa á pọ̀ mọ́ sílímárínì, pé ó ní ata dúdú òyìnbó nínú, pé ata yẹn ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Òótọ́ wà níbẹ̀ o: curcumin tó wà nínú ata ilé pupa kì í fẹ́ wọnú ẹ̀jẹ̀, ní 1998 àwọn ará Íńdíà dán an wò fún èèyàn, nígbà tí wọ́n fi piperine kún un, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí ata dúdú ta, tí ìyèré tiwa náà sì ní, èyí tó wọnú ẹ̀jẹ̀ fi ìdá 2000 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Àwọn olùpolówó á dúró síbẹ̀. Ohun tí wọn kì í sọ ni pé ní 2022, àwọn dókítà Amẹ́ríkà tó ń tọ́pa ẹ̀dọ̀ tí oògùn bàjẹ́ kéde pé àwọn ti rí èèyàn mẹ́wàá tí turmeric oníkápúsù ba ẹ̀dọ̀ wọn jẹ́, márùn-ún nínú wọn dèrò ọsibítù, ẹnì kan kú. Méje nínú wọn ló ní àbùdá kan náà nínú ẹ̀jẹ̀, HLA-B*35:01, tó jọ pé òun ló ń jẹ́ kí ara wọn kọ̀ ọ́. Lọ́dún yẹn náà ni ìjọba Ítálì ní kí wọ́n máa kọ ìkìlọ̀ sára kápúsù turmeric. Oògùn tí mo fẹ́ lò torí ẹ̀dọ̀ kó wá jẹ́ pé òun ló máa ba ẹ̀dọ̀ jẹ́? Rárá o. Èyí tí ìyàwó mi ń fi sí ìrẹsì kò ní wàhálà, kò pọ̀ tó ti kápúsù láéláé. Sítáà kan ni mo fún ti kápúsù, ìyẹn náà torí àwọ̀ rẹ̀ dáa.

Màmá mi ní tiwọn, orógbó ni. Wọ́n ní bàbá wọn kì í jí láìfi orógbó sẹ́nu, ẹ̀dọ̀ kò sì dùn wọ́n rí títí wọ́n fi re ibi àgbà ń rè. Èmi kò já wọn níyàn torí ọ̀rọ̀ orógbó yìí kì í ṣe àhesọ lásán. Ọ̀jọ̀gbọ́n Maurice Iwu, ẹni náà gan-an tó padà wá ṣe alága INEC láti 2005 sí 2010, iṣẹ́ ewé àti egbò ni iṣẹ́ rẹ̀, Nsukka ló wà, òun wà lára àwọn tó fi hàn ní bíi 1985 pé àwọn nǹkan kan wà nínú orógbó tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀. Àpapọ̀ wọn ni wọ́n ń pè ní kolaviron. Nílé wa níbí náà, ní Yunifásítì Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ebenezer Farombi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí kolaviron: wọ́n á fún èkúté ní kẹ́míkà tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, wọ́n á fún àwọn kan nínú wọn ní kolaviron, ẹ̀dọ̀ àwọn yẹn kì í sì í bàjẹ́ tó ti àwọn tó kù. Àwọn mìíràn ti fi orógbó dán irú rẹ̀ wò pẹ̀lú parasítámọ́ọ̀lù àlòjù. Ó wú mi lórí gan-an! Àmọ́ èkúté ni, èkúté kì í mu mínírà, kì í sì í jókòó sínú ọ́fíìsì láti àárọ̀ dalẹ́. Iye kolaviron tó yẹ kí èèyàn bíi tèmi lò, kò sí lára èèpo orógbó kankan. Mò ń jẹ orógbó torí ó ń wù mí jẹ, mi ò ní pè é ní ìtọ́jú.

Ẹnì kan tó ń tajà ní ọjà Bódìjà tún sọ ti ẹ̀yìn olobe, ewé wẹ́wẹ́ tó máa ń hù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé yẹn tí èso rẹ̀ tò sábẹ́ ewé. Ìtàn tiẹ̀ ló yẹ kí gbogbo wa kọ́ sórí. Ní 1988 àwọn onímọ̀ láti Chennai ní Íńdíà kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé àwọn fún àwọn tó ní kòkòrò mẹ́dọ̀wú B lára ní ewé yìí fún ọgbọ̀n ọjọ́, kòkòrò náà sì pòórá nínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn 22 nínú 37, nígbà tó jẹ́ ẹnì kan péré nínú 23 àwọn tó lo òfìfo. Blumberg, ẹni tó ṣàwárí kòkòrò mẹ́dọ̀wú B tó sì gba ẹ̀bùn Nobel torí ẹ̀ ní 1976, wà lára àwọn tó ṣe é. Ayé hó! Wọ́n wá dán an wò níbòmíràn, níbòmíràn, níbòmíràn, wọn ò rí irú ẹ̀ mọ́. Nígbà tó di 2011 tí àwọn Cochrane, ẹgbẹ́ onímọ̀ tó máa ń kó àyẹ̀wò oògùn jọ láti yẹ̀ wọ́n wò, kó gbogbo àyẹ̀wò náà jọ, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí tó dájú. Obìnrin náà ṣì ń tà á ní tiẹ̀, ó ní òyìnbó ń jowú ni.

Àgbo inú ike tí kò ní orúkọ, tí kò ní ọjọ́, tí ẹlòmíràn tiẹ̀ ti po ògógóró mọ́, mi ò ní fi àkókò ṣòfò lórí ẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe ọ́, o ń fi páràgà tọ́jú ẹ̀? Òdo.

Ti àwọn Japan náà wà, abẹ́rẹ́ glycyrrhizin tí wọ́n ń yọ lára gbòǹgbò licorice, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fún àwọn alárùn mẹ́dọ̀wú lọ́hùn-ún. Ìyẹn máa ń gbé ẹ̀jẹ̀ ríru sókè, ó sì ń dín pọ́táṣíọ̀mù ara kù. Èmi tí mo ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, mo kí i, mo kọjá.

Ó yẹ kí n yin fámásì tí mo ti rà á, torí wọn ò kàn gba owó mi. Ọmọbìnrin tó jẹ́ apòògùn níbẹ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, "Dádì, àwọn oògùn wo lẹ tún ń lò?" Mo ka tèmi fún un, ó kọ ọ́ sílẹ̀, ó ní kò sí ìjà láàárín wọn. Ó béèrè bóyá mo ní àtọ̀gbẹ, torí ó ní sílímárínì lè mú ṣúgà ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ díẹ̀ sí i lára ẹni tó ti ń lo oògùn ṣúgà tẹ́lẹ̀. Ó wá wò mí lójú, ó ní ṣé mo ti ṣe tẹ́ẹ̀sì mẹ́dọ̀wú B àti C? Mo ní mo ti ṣe é, n kò ní ìkankan. Ó ní ó dáa bẹ́ẹ̀, torí àwọn kan á wá ra sílímárínì fún mẹ́dọ̀wú B, wọ́n á gbé e mì fún ọdún kan gbáko, kòkòrò á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìjọba ṣe àyẹ̀wò káàkiri Nàìjíríà ní 2018, nǹkan bí ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn àgbàlagbà ni wọ́n rí i pé wọ́n ní B, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Oògùn tenofovir wà fún ẹni tó ní B tí dókítà bá rí i pé ó yẹ fún, C sì tiẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń wò sàn pátápátá pẹ̀lú oògùn oníhóró láàárín oṣù mẹ́ta tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Sílímárínì kò lè rọ́pò ìkankan nínú wọn. Fún ìwà ọmọbìnrin yìí, sítáà márùn-ún. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni ẹni tó ń gba owó, ó gbà mí ní àkókò kí ó tó fún mi ní ṣéǹjì, ó ń wo fíìmù lórí fóònù.

Kí ẹ tó ra tiyín, ẹ wo nọ́ḿbà NAFDAC. Tó bá parí sí L, "listed" nìyẹn, tó túmọ̀ sí pé wọ́n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa tà á, wọn ò sọ pé ó ń wo ohun tí wọ́n kọ sára rẹ̀, ẹ máa rí i níbẹ̀ ní lẹ́tà tíntìntín pé NAFDAC kò tíì yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Lẹ́tà yẹn kéré débi pé ìyàwó mi ló kà á fún mi.

Ta ló yẹ kó rà á? Ẹni tí dókítà rẹ̀ bá mọ̀ sí i, tó ní owó tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tó ti san ti tẹ́ẹ̀sì, tó sì ti ń dín ìwọ̀n ara rẹ̀ kù, kó lò ó tó bá wù ú, kò ní pa á lára. Ẹni tó jẹ́ pé owó tẹ́ẹ̀sì ló fẹ́ fi rà á, kó fi í sílẹ̀ jàre. Ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ ti pọ́n bíi pupa inú ẹyin tàbí tí ìtọ̀ rẹ̀ ti dúdú bíi Kokakólà, kó má tiẹ̀ yà sí fámásì, ọsibítù ni kó gbà lọ tààrà.

Èyí tó kù nínú páálí mi màá lò tán torí mo ti sanwó ẹ̀, mi ò sì ní ra òmíràn. Owó páálí tó kàn ti di owó bàtà tí mo fi ń rìn lálẹ́, torí ti tẹ́lẹ̀ ti lu.